Oníbodè Tí Kò Dákẹ́: Ìtàn Èròjà Amúdàgbà Nínú Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń hù láti inú ọpọlọ àgbàlagbà, glioblastoma ló wọ́pọ̀ jù, ó sì wà lára àwọn tó ń yára pani jù. Ohun tó ń mú un gbilẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Iṣẹ́ tí ara ń rán kí ọmọ lè dàgbà náà ni, ara ọmọ eku la sì ti kọ́kọ́ rí i.

Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stanley Cohen mú èròjà láti ibi tí itọ́ ti ń sun lábẹ́ àgbọ̀n eku, ó sì fi gún àwọn ọmọ eku tuntun lábẹ́rẹ́. Ojú tí ì bá là ní nǹkan bí ọjọ́ 13 là ní ọjọ́ 7. Ó kọ ìwádìí náà jáde lọ́dún 1962, EGF la sì ń pe èròjà náà lónìí. Òun àti Rita Levi-Montalcini jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986.

EGF ni ońṣẹ́. EGFR ni oníbodè tó wà lára sẹ́ẹ̀lì. Bí ońṣẹ́ bá dé, oníbodè a ké sínú ilé pé kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì. Lọ́dún 1985, Towia Libermann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àbùdá EGFR máa ń di ọ̀pọ̀ ẹ̀dà nínú glioblastoma. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ lára nǹkan bí aláìsàn 40 nínú 100. Òmíràn tilẹ̀ wà, EGFRvIII, tí etí rẹ̀ ti gé kúrò: kò sí ońṣẹ́ tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, síbẹ̀ kò dákẹ́ igbe.

Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti oògùn temozolomide ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú láti ọdún 2005. Nínú ìwádìí ọdún náà, ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ló kú kí oṣù 12.1 tó pé. Pẹ̀lú temozolomide, ó di oṣù 14.6. Gefitinib àti erlotinib, tó ń pa oníbodè lẹ́nu mọ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kò rí glioblastoma mú. Odi tó yí ọpọlọ ká ń dí oògùn lọ́wọ́, àwọn oníbodè mìíràn sì ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Bevacizumab, tí wọ́n fọwọ́ sí fún glioblastoma ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, ń dènà VEGF tó ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ wá bá jẹjẹrẹ. Ó ń mú kí ọpọlọ tó wú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí ọdún 2014 fi hàn pé kò fi kún ọjọ́ ayé aláìsàn tuntun.

Lọ́dún 2024, àwọn dókítà Massachusetts General Hospital ní Boston ròyìn pé àwọn ti kọ́ sẹ́ẹ̀lì ajàfára ènìyàn mẹ́ta láti kọlu EGFRvIII àti EGFR lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ni kókó jẹjẹrẹ náà súnkì. Ti ẹnì kan wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, àmọ́ ó padà hù lára àwọn méjì yòókù. Oṣù mẹ́fà kékeré kọ́ fún ẹni tó ń ka ọjọ́. Ìlú tó ní oníbodè púpọ̀, bí a bá pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, ariwo kò tíì tán.