Owó Kẹ̀kẹ́, Owó Máìlì

Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, iṣẹ́ wolé-wolé di iṣẹ́ ńlá. Yábàá ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà sí. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń wọ̀: wọn a ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a yẹ ẹ̀yìnkùlé àti ṣáláńgá wò. Ẹsẹ̀ lásán kò lè ká irú iṣẹ́ yẹn. Òṣìṣẹ́ kékeré tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, wọn a fi owó kẹ̀kẹ́ kún owó rẹ̀.

Ti àwọn ọ̀gá yàtọ̀, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn láyé ìjọba amúnisìn. Ìjọba á yá ọ̀gá lówó ra mọ́tò, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ibi tó bá gbé mọ́tò náà lọ nítorí iṣẹ́, wọ́n á ka máìlì rẹ̀, wọ́n á san án. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bọ́ sípò ọ̀gá, ẹ̀tọ́ yìí kàn wọ́n. Nínú No Longer at Ease, ìwé ìtàn àròsọ tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1960, Obi Okonkwo kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó tó fi ra Morris Oxford. Kò pẹ́ náà tí inṣọ́ránsì ọkọ̀ ọ̀hún fi ká a lápá kò.

Kí owó máìlì tó jáde, òṣìṣẹ́ á kọ ọjọ́ tó rìn, ibi tó ti gbéra, ibi tó dé, ohun tó bá lọ, àti iye tí míta ọkọ̀ kà ní àlọ àti àbọ̀. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú kó tó dọ́dọ̀ akápò. Nígbà tí Nàìjíríà pa máìlì tì, ó di owó kìlómítà.

Àmọ́ láti ilé dé ọ́fíìsì kò sí nínú ìṣirò yẹn, ibẹ̀ sì ni bàtà ti ń ta ará Mainland lẹ́sẹ̀. Láti 1955 ni LEDB, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti tún Èkó ṣe, ti ń kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè ní Mainland, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì àti ọjà wọn ṣì wà ní Erékùṣù Èkó. Peter Marris, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1961 pé owó ọkọ̀ wà lára ohun tó sọ ayé di ìnira fún wọn. Ìjọba ló ní kí wọ́n lọ máa gbé lọ́nà jíjìn. Kò tọ́ kí ẹrù ọ̀nà náà wá já lé òṣìṣẹ́ nìkan lórí.

Ní 2003, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ ọ̀pọ̀ ajẹmọ́nú di owó tí wọ́n ń san mọ́ owó oṣù, wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìjọba fún àwọn tó ń lò ó. Láti ìgbà náà, owó epo di ti ẹni tó ni mọ́tò. Ní May 2023, ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà sì fò lọ sí nǹkan bíi 500. Ní February 2024, kí ìnira owó ọkọ̀ lè dín kù, Gómìnà Sanwo-Olu ní kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó láti ipele 1 dé 14 máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, kí àwọn ipele 15 sí 17 máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin.