Ta Ló Ń Yẹ Àjẹsára Wò? Àríyànjiyàn Láti Pittsburgh Dé Kano

Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú nǹkan bí ènìyàn 58,000 ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ju 3,000 lọ nínú wọn. Bí ìgbà ooru bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ìlú a ti adágún tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́ pa, àwọn òbí a sì sé ọmọ mọ́lé. Síbẹ̀, nígbà tí Jonas Salk ti Yunifásítì Pittsburgh ní òun ti rí àjẹsára rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yọ̀. Àwọn dókítà kò tíì gbàgbé 1935. Lọ́dún náà, Maurice Brodie ní New York àti John Kolmer ní Philadelphia ti gbé àjẹsára tiwọn jáde, kálukú lọ́tọ̀, wọ́n sì ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Lára àwọn tó gba ti Kolmer, àwọn kan rọ, àwọn kan kú. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà kí Salk tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán tirẹ̀ wò lára ọmọ.

Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ kí Salk ṣe onídàájọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Thomas Francis ti Yunifásítì Michigan ni wọ́n fa ìdánwò ńlá náà lé lọ́wọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní McLean, ìpínlẹ̀ Virginia. Kó tó parí, ọmọ bíi mílíọ̀nù 1.8 ló ti wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àgbègbè, àwọn kan gba àjẹsára gidi, àwọn kan gba omi tó jọ ọ́. Dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́ kò mọ èyí tó wà nínú ìgò, òbí kò mọ̀, ọmọ kò mọ̀. Nọ́ńbà ara ìgò nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí àwọn òbí fọwọ́ sí, àwọn fúnra wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú ọmọ àwọn mọ́ ọn.

Ní oṣù kan náà, Walter Winchell, gbajúmọ̀ oníròyìn orí rédíò, kìlọ̀ pé àjẹsára náà lè pani, ọ̀pọ̀ òbí sì yọ ọmọ wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: kòkòrò ààyè ti hàn nínú díẹ̀ lára èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ pò. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló mú un, kò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan.

Bí àyẹ̀wò yẹn ṣe rí ló yẹ ká dúró lé lórí. Kòkòrò àrùn náà gan-an ni wọ́n ń sìn, tí wọ́n á wá fi fọ́máálìn pa á. Bí òkú rẹ̀ bá wọ ara, ara a kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Bí ó bá ṣì wà láàyè, ọ̀ràn dé. Nítorí náà, lákòókò ìdánwò 1954, ojú mẹ́ta ló ń wo gbogbo èyí tí wọ́n bá pò: ilé-iṣẹ́ tó pò ó, yàrá àyẹ̀wò Salk, àti ti ìjọba. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1955 ni Francis kéde pé àjẹsára náà ṣiṣẹ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún káàkiri, ìjọba sì fọwọ́ sí i fún títà lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ló ń yẹ ọjà ara rẹ̀ wò, ìwé àbájáde ló sì ń fi ránṣẹ́ síjọba.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìròyìn burúkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, apá tí wọ́n gún gan-an ló ń rọ. Ilé-iṣẹ́ Cutter ní Berkeley, California, ni gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí, wọ́n sì kó ọjà rẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Nǹkan bí 200 ènìyàn ló rọ, àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí wọ́n kó o ràn, mẹ́wàá kú. Omi kòkòrò náà ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó da fọ́máálìn sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, kòkòrò sì sá pamọ́ síbẹ̀ tí oògùn kò fi kàn án. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ti rí i ṣáájú. Bernice Eddy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yàrá àyẹ̀wò ìjọba, ti gún ọ̀bọ ní àjẹsára Cutter, àwọn ọ̀bọ náà sì rọ. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọn kò kà á sí.

Ìjọba dá gbogbo rẹ̀ dúró ní oṣù Karùn-ún, ó yẹ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, ó sì fi òfin tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lélẹ̀. Àwọn òbí padà wá. Ní 1961, àwọn tí àrùn náà mú ní Amẹ́ríkà kò tó 1,500.

Ní Nàìjíríà, ibòmíràn ni ìfura ti wọlé. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn tó ń ràn. Ọgọ́rùn-ún ọmọ gbà á, ọgọ́rùn-ún mìíràn gba oògùn tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá kú: márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, àti pé àwọn òbí fi ẹnu gbà. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Trovan kì í ṣe àjẹsára, ṣùgbọ́n ọkàn tó ti gbọgbẹ́ kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tó di 2003, ẹgbẹ́ Supreme Council for Shari'ah, tí Datti Ahmed tó jẹ́ dókítà ń darí, ní wọ́n ti fi ohun tó ń sọni di àgàn sínú àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Kano dá a dúró. Ìjọba àpapọ̀ gbé e lọ sókè òkun fún àyẹ̀wò, ó ní kò séwu. Kano kò gbà. Oṣù Keje 2004 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àjẹsára láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Gómìnà Ibrahim Shekarau jẹ́ kí wọ́n kán an sí ọmọ tirẹ̀ lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Àrùn kò sì dúró dè wọ́n: láti àríwá Nàìjíríà ló ti ràn dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè. Indonesia tó pèsè àjẹsára gan-an wà lára wọn, ní 2005.

Èmi kò ní pe àwọn òbí Kano ní aláìmọ̀kan. Ìbéèrè wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn òbí Amẹ́ríkà ní 1955: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó jẹ̀bi lójú tèmi ni ẹni tó gbé irọ́ lé ìbéèrè náà lórí, àti ẹni tó rò pé àṣẹ láti òkè tó láti fi dá a lóhùn. Àwọn ọmọ tó rọ ló sanwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò àdáyébá àrùn náà ti tán ní ẹkùn Áfíríkà. Èyí tó ń ti ara àjẹsára ẹlẹ́nu yí padà ṣì ń jà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ̀yin òbí, bí àwọn elétò ìlera bá gbé kúlà wọn dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín. Àmì róbótó kékeré kan wà lára rẹ̀, tó ní igun mẹ́rin funfun nínú. Bí ooru bá ti ń mú ìgò, funfun náà a máa dúdú sí i. Bí ó bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, wọn kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti rí wọn bí ara ọmọ kò bá yá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pé, ẹ gbé ọmọ wá kó gbà á.