Ìtọ́jú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Àgbàlá Lásìkò Òjò Àrọ̀ọ̀rọ̀dá

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú àgbàlá, èyí tí púpọ̀ ènìyàn mọ̀ sí púùlù, jẹ́ kòtò omi tí a fi kọnkéré tàbí fáíbà mọ odi rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń yí omi inú rẹ̀ po, tí kẹ́míkà sì ń mú un mọ́. Òjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló máa ń dán ìtọ́jú rẹ̀ wò jù nílẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á sì tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ní Lẹ́kí àti Ìkòyí, ilẹ̀ kò ga, ọ̀sà wà nítòsí, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà sókè. Ní Ìbàdàn, òkè ló pọ̀, àgbàrá ni í sáré láti òkè wọ àgbàlá tó wà nísàlẹ̀.

Òjò tó ga ní mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì jìn ní mítà 1.5, gba nǹkan bíi lítà 48,000. Bí mìlímítà 100 bá rọ̀ sínú rẹ̀, lítà 3,200 péré ló kún un, ìyẹn kò tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 200 rọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irú òjò bẹ́ẹ̀ pàápàá, ogún sẹ̀ǹtímítà àti díẹ̀ ló lè fi kún omi adágún. Nítorí náà, kì í ṣe omi tó ti ojú ọ̀run bọ́ tààrà ló ń ba adágún jẹ́ jù. Àgbàrá tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ àti omi tó ń rú sókè lábẹ́ rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, omi òjò ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe. pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 5.6, nígbà tí ti adágún yẹ kó wà láàárín 7.2 sí 7.8. Ohun tí kì í jẹ́ kí pH yí kánkán ni àwọn èròjà bíi báíkábọ́nétì, tí ó yẹ kí ìwọ̀n wọn wà láàárín mílígíráàmù 80 sí 120 nínú lítà kan. Òjò ọjọ́ mélòó kan a máa dín wọn kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá lọ sílẹ̀ jù, omi á kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sìmẹ́ńtì àárín táìsì àti irin tó wà lára ẹ̀rọ. Kiloríìnì, tó yẹ kó jẹ́ mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, kì í tètè tán lójú ọjọ́ tó ṣú, nítorí oòrùn ló máa ń jó o dànù. Àmọ́ ẹrẹ̀, ewé àti ìgbẹ́ ẹran tí àgbàrá gbé wá á jẹ ẹ́ tán, ajílẹ̀ inú ọgbà á sì di oúnjẹ fún ewédò. Ní ilẹ̀ olóoru, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó kí omi tí kò ní kiloríìnì mọ́ fi yí padà di àwọ̀ ewé.

Iṣẹ́ tó lérè jù ni èyí tí a ṣe kí òjò tó dé. Etí adágún gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ àyíká lọ, kí ilẹ̀ náà sì dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kí àgbàrá má baà wọlé. Gọ́tà yíká àgbàlá gbọ́dọ̀ ṣí, kí páìpù omi òrùlé má sì kọjú sí adágún. Tapólì tí a nà bo adágún láìfà á le kò dára tó bí àwọn kan ṣe rò: omi á gbárajọ sórí rẹ̀, ẹ̀fọn á sì pamọ sí i. Ó sàn kí a fi adágún sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́.

Bí òjò ti ń rọ̀, a ń wo ojú omi. Ibi tó yẹ kó dé ni àárín ẹnu ihò tí ń fa ìdọ̀tí ojú omi wọlé. Bí ó bá bo ẹnu náà, ewé kò ní ríbi gbà wọlé mọ́. A lè yí ọwọ́ orí asẹ́ oníyanrìn síbi tí omi ti ń jáde síta láì gba inú asẹ́, kí a fi dín in kù. Bí iná mànàmáná bá wà tàbí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí pọ́ǹpù máa yí omi po fún wákàtí 8 sí 12 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń sún mọ́ ìdí mọ́tò pọ́ǹpù náà, súwíìṣì rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ pa. Bí àrá bá sán, kí gbogbo ẹni tó wà nínú omi jáde, kí wọ́n má sì padà wọlé títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a fa omi adágún gbẹ nítorí pé ó ti dọ̀tí. Omi inú adágún tí a mẹ́nu bà lókè wúwo tó tọ́ọ̀nù 48, ìwúwo yìí ló sì ń di kọnkéré mọ́lẹ̀. Bí a bá fà á gbẹ nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ga, odi adágún á léfòó bí ọkọ̀ òfìfo. Ilẹ̀ rẹ̀ á sán, páìpù á já, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á gbéra kúrò nínú kòtò. Ti fáíbà tilẹ̀ tètè ń gbéra ju ti kọnkéré lọ nítorí pé ó fúyẹ́. Àwọn adágún kan ní fáàfù nísàlẹ̀ tó ń gba omi abẹ́ ilẹ̀ wọlé kí ó má baà ti odi sókè, ṣùgbọ́n iyanrìn lè dí i pa. Bí ó ti wù kí omi dọ̀tí tó, kí a tọ́jú rẹ̀ níbi tó wà títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ.

Lẹ́yìn òjò, ewé, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyin rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ kó kúrò, lẹ́yìn náà kí a dán omi wò. Báíkábọ́nétì ni a ń fi sí i ṣáájú, sódà áàṣì tẹ̀ lé e bí pH bá ṣì lọ sílẹ̀, kiloríìnì ló máa kẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ sì ni àkókò rẹ̀. Láti fi mílígíráàmù 10 kún kiloríìnì inú lítà kọ̀ọ̀kan nínú lítà 48,000, nǹkan bíi gíráàmù 740 kiloríìnì oníyẹ̀fun, èyí tó lágbára tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ni a nílò. Inú omi ni a ń da kẹ́míkà sí, a kì í da omi lé kẹ́míkà. A kì í pa kiloríìnì pọ̀ mọ́ ásíìdì rárá, nítorí èéfín olóró ló ń yọ nínú wọn, ibi gbígbẹ sì ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí omi bá ṣì rú, álọ́ọ̀mù tí àwọn àgbà fi ń tòrò omi odò wúlò níbí pẹ̀lú. A ó dà á sínú omi, a ó pa pọ́ǹpù, a ó fi omi náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹrẹ̀ rò sísàlẹ̀, a ó sì fa ẹrẹ̀ náà síta tààrà. Bí ó bá gba inú asẹ́, yóò dí iyanrìn pa. Álọ́ọ̀mù a máa fa pH wálẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tún omi dán wò.

Bí omíyalé bá gbé omi ojú títì tàbí ti sókáwéè wọ inú adágún, ọ̀rọ̀ yí padà. Kiloríìnì tó jẹ́ mílígíráàmù kan nínú lítà kan ń pa kòkòrò E. coli láàárín ìṣẹ́jú kan, Giardia ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45, àmọ́ Cryptosporidium lè lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó kú. Pé omi mọ́ lójú kò fi hàn pé kò léwu. Adágún tí a kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀, nítorí ọmọ tó bá rì sínú rẹ̀ kò ní hàn sójú. Kí ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ wà ní títì pa.

Omi tí ń yí po, tó sì ní kiloríìnì, kò bá ẹ̀fọn lára mu. Adágún ilé tí onílé rẹ̀ rìnrìn àjò ni wọ́n ń wá: láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Lẹ́yìn ìjì Katrina ọdún 2005 ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, àìmọye adágún ilé tí àwọn èèyàn sá fi sílẹ̀ kún fún tanwíjí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú da ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Gambusia sínú wọn, kí wọ́n máa jẹ tanwíjí náà títí àwọn onílé yóò fi padà.