Iná Wọn Kò Kú, Ta Ni Àrólé? Ìtàn Àwọn Ẹlẹ́sìn Zoroaster

Ẹni tó bá fẹ́ràn orin òyìnbó á ti gbọ́ orúkọ Freddie Mercury, olórin ẹgbẹ́ Queen. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i. Zanzibar ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946, Farrokh Bulsara sì lorúkọ tó ń jẹ́. Nígbà tó kú ní London lọ́dún 1991, kì í ṣe pásítọ̀, kì í sì í ṣe àfáà ló darí ìsìnkú rẹ̀. Àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Zoroaster ni. Ẹ̀sìn wo nìyẹn? Báwo ló ṣe rìn dé Zanzibar?

Zarathustra lorúkọ wòlíì tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì ló ń pè é ní Zoroaster. Ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí ìgbà tó gbé láyé: àwọn kan ní ó tó nǹkan bí ọdún 1500 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn mìíràn ní kò ju nǹkan bí ọdún 600 lọ. Orin ìyìn 17 tí wọ́n ń pè ní Gatha, tó wà nínú Avesta, ìwé mímọ́ wọn, ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ohun tó wàásù ni pé Ahura Mazda, Olúwa Ọlọ́gbọ́n, ni ẹlẹ́dàá; pé ẹ̀mí burúkú kan, Angra Mainyu, ń bá iṣẹ́ rere rẹ̀ jà; àti pé kálukú ló máa fúnra rẹ̀ yan ẹ̀yìn ẹni tó máa wà. Wọ́n kó gbogbo òfin náà sínú gbólóhùn mẹ́ta: èrò rere, ọ̀rọ̀ rere, ìṣe rere.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé iná ni wọ́n ń bọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná jẹ́ àmì ìmọ́lẹ̀ àti òtítọ́ fún wọn. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, bí Mùsùlùmí ṣe ń kọjú sí Kaaba láìjẹ́ pé ó ń bọ òkúta.

Ẹ̀sìn ọba ni ẹ̀sìn yìí nígbà kan rí. Dáríúsì, ọba Páṣíà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Bíbélì, ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta Behistun pé Ahura Mazda ló fún òun ní ìjọba. Lábẹ́ ìdílé Sasan, láti ọdún 224 sí 651, òun ni ẹ̀sìn ìjọba Páṣíà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá ṣígun wọ ilẹ̀ náà. Ibi tí Yazdegerd Kẹta, ọba ìkẹyìn, ti ń sá kiri ni wọ́n ti pa á lọ́dún 651. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn di Mùsùlùmí. Àwọn tí kò yí padà ń san jizya, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn kan fara mọ́ ọn ní Yazd àti Kerman. Àwọn kan wọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Gujarat ní Íńdíà láàárín ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹwàá. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Parsi, ìyẹn ará Páṣíà.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọba ibẹ̀ fi abọ́ wàrà kan tó kún dẹ́múdẹ́mú ránṣẹ́ sí wọn: ilẹ̀ òun ti kún, kò sáyè. Àlùfáà wọn bu ṣúgà sí i. Wàrà náà kò dà sílẹ̀, ó kàn dùn sí i ni. Ọba bá gbà wọ́n. Ìtàn àtẹnudẹ́nu lèyí. Kò sí nínú Qissa-i Sanjan, ewì tí àlùfáà kan kọ ní nǹkan bí ọdún 1600 nípa ìrìn àjò náà. Àdéhùn ló wà nínú ti ewì: kí wọ́n máa sọ èdè ibẹ̀, kí obìnrin wọn máa múra bí ará ibẹ̀, kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tí àwọn èèyàn kan fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ṣúgà tó ti yòrò sínú wàrà, ta ló tún lè yà á sọ́tọ̀? Àwọn Parsi fẹ́ dùn, wọn ò fẹ́ yòrò. Wọ́n gba èdè Gujarati, wọn ò fi ọmọ fún àjèjì. Iná mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Iranshah ti wà ní ìlú Udvada láti ọdún 1742, àwọn àlùfáà ò sì jẹ́ kó kú.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí ṣe ní Bombay. Ọ̀kan nínú wọn, Jamsetji Tata, ló dá ilé iṣẹ́ Tata sílẹ̀. Dadabhai Naoroji wọlé ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba lọ́dún 1892. Wọn ò gbàgbé àwọn tó kù nílé: lọ́dún 1854, wọ́n rán Manekji Limji Hataria lọ sí Iran, akitiyan rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí ọba ibẹ̀ fagi lé jizya lọ́dún 1882. Iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ló gbé bàbá Freddie dé Zanzibar. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 1964, ìdílé náà sá lọ sí England.

Lónìí, ìṣirò tó wọ́pọ̀ fi gbogbo ẹlẹ́sìn Zoroaster lágbàáyé sí láàárín 100,000 sí 200,000. Íńdíà àti Iran ni púpọ̀ wọn wà, àwọn yòókù wà ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ìlú Ọba àti Australia. Ní Iran, òfin fún wọn ní ìjókòó kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní Íńdíà, àwọn Parsi jẹ́ 114,890 nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1941. Nígbà tó fi máa di ọdún 2011, wọ́n ti di 57,264. Wọn kì í tètè ṣègbéyàwó, ọmọ ò pọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, ọ̀dọ́ sì ń re òkè òkun. Lọ́dún 2013, ìjọba Íńdíà gbé ètò kan kalẹ̀ láti ran àwọn tọkọtaya Parsi lọ́wọ́ kí wọ́n lè bímọ.

Ṣùgbọ́n ta tiẹ̀ ni ọmọ wọn? Lọ́dún 1908, ilé ẹjọ́ gíga Bombay gbọ́ ẹjọ́ obìnrin ará Faransé kan tí ọmọ ìdílé Tata fẹ́, tó sì ti gba ẹ̀sìn náà. Àwọn adájọ́ sọ pé ẹ̀sìn Zoroaster fúnra rẹ̀ lè gba àlejò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìran ni ti Parsi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Parsi lè wọlé. Èyí tó jẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni Parsi, ìta ló wà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ní Íńdíà ló ń tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti ṣílẹ̀kùn. Àwọn àgbà kan ní ilẹ̀kùn tí àwọn tì ni kò jẹ́ kí àwọn parẹ́ láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá. Àwọn ọmọbìnrin tó wà níta ń béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo làwọn ṣẹ̀. Àwa ò lè pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní òpùrọ́.

Àwọn baba wa ní, iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò. Iná Udvada kò tíì feérú bojú. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣàì wù pẹ̀lú. Àwọn kan lára rẹ̀ ló hù sí òdìkejì ọgbà, tí wọn ò tíì gbà pé tàwọn ni.