Iye Kọ́, Irú Ni: Àríyànjiyàn Lórí Àdàlù Irin Ẹlẹ́ńtírọ́pì Gíga àti Eegun Ará Ìlàjẹ

Láti 2004 tí àwọn onímọ̀ irin méjì, Yeh àti Cantor, ti gbé iṣẹ́ wọn lórí àdàlù irin ẹlẹ́ńtírọ́pì gíga jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé bí èròjà bá ti pé márùn-ún, tí ìwọ̀n wọn sì fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ẹ́ńtírọ́pì, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ àwọn átọ́ọ̀mù, ló ń mú àdàlù náà ṣọ̀kan. Ìgbàgbọ́ yìí ni àwọn tó ń wá irin ìdè eegun gbé wọ inú ara ènìyàn. Èmi kò gbà. Iye èròjà yàtọ̀ sí irú èròjà, irú ló sì ń ṣiṣẹ́ lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Èròjà márùn-ún tó dọ́gba ń mú ẹ́ńtírọ́pì 1.61R wá (R ni iye aláìyípadà ti gáàsì). Nínú iná ìléru, ní 1,800 K, agbára tí ìyẹn ń mú wá tó nǹkan bíi 24 kJ fún móòlù kan. Nínú ara, ní 310 K, díẹ̀ ló fi lé ní 4 kJ. Bí àdàlù kò bá túká lẹ́yìn tó tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni kò rọ́nà rìn. Otto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi èròjà mìíràn rọ́pò àwọn kan lára èròjà márùn-ún inú àdàlù tí Cantor ṣe, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ní 2013: iye kò yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn àdàlù tuntun náà tó ṣọ̀kan.

Ohun tí wọ́n ń gbójú fò ni àdàlù Ti-29Nb-13Ta-4.6Zr tí onímọ̀ irin Niinomi ṣe, tó ti wà kí orúkọ "ẹ́ńtírọ́pì gíga" tó dé. Mo ṣírò ẹ́ńtírọ́pì rẹ̀: nǹkan bíi 0.8R ni, kò sì súnmọ́ 1.5R tí wọ́n fi ń pààlà. Síbẹ̀, nǹkan bíi 60 GPa ni ìwọ̀n àìtẹ̀ rẹ̀. Irin ìdè eegun Ti-6Al-4V wà ní 110, irin 316L fẹ́ẹ̀ tó 200, eegun fúnra rẹ̀ wà láàrin 10 sí 30. Nígbà tí Todai àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé TiNbTaZrMo jáde ní 2017, tí sẹ́ẹ̀lì fara mọ́ ọn bó ṣe ń fara mọ́ titanium, mẹ́rin nínú èròjà márùn-ún náà ni Niinomi ti yàn ṣáájú. Ta ló yẹ ká yìn níbẹ̀?

Àtúnyẹ̀wò tí Alaneme ti yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, Bodunrin àti Oke ṣe ní 2016 lórí àdàlù ẹlẹ́ńtírọ́pì gíga gbájú mọ́ ohun tí a pò àti bí a ṣe pò ó. Ọ̀nà tó yẹ nìyẹn.

Ìdí tí ìwọ̀n àìtẹ̀ fi ṣe pàtàkì ni pé irin tó le ju eegun lọ ń gba ẹrù eegun rù, eegun a sì máa fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, dókítà a ní kí aláìsàn padà wá kí wọ́n yọ ọ́. Apẹja tó kán lẹ́sẹ̀ ní Àwóyè tàbí Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, omi ló máa kọ́kọ́ gbà dé Igbókòdá kó tó wọ mọ́tò. Ìpadàbọ̀ ń gba owó epo ọkọ̀, ó ń gba ọjọ́ tí kò ní í wọ òkun, kò sì yà mí lẹ́nu bó bá fi irin náà sílẹ̀ tàbí kó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí tí mo kà, wọn kì í ka ìrìn yìí mọ́ ohun tí wọ́n fi ń dán irin wò.

Nítorí náà, irin tó yẹ etíkun Ìlàjẹ ni èyí tó ń yọ́ tán nínú ara. Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi CaMgZnSrYb sínú eku ní 2013, eegun sì hù sí i. Ṣùgbọ́n Zberg àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo Mg, Zn àti Ca nìkan ní 2009, irin tiwọn sì ń yọ́. Kí àwọn olùwádìí ní Àkúrẹ́ àti Òkìtìpupa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí mẹ́ta bá tó, kí wọ́n má fi ẹ̀kẹrin kún un.