Àìsàn Tó Ń Tẹ̀lé Oṣù: Ìtàn Ilẹ̀kùn Méjì

Àwọn kan nínú yín ti di bàbá, àwọn kan ti di ìyá, àwọn mìíràn sì ti di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kan gbogbo yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ ọ́ ní gbangba.

Ìtàn àìsàn kan ni. Ó máa ń dé nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Inú á bàjẹ́, ìbínú á máa ru bí iná ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́, oorun á dà rú, ayé á sú ẹni. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ máa rò ó pé ikú yá ju kí òun wà láàyè lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú á là, ara á yá, obìnrin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì káàkiri. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ó tún di àkọ́tun. Kì í ṣe inú rírun tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀, kì í sì ṣe ìkanra ọjọ́ méjì. Premenstrual dysphoric disorder ni àwọn dókítà ń pè é, PMDD ní ìkékúrú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Àárín ilẹ̀kùn méjì ni àìsàn yìí dúró sí. Ilẹ̀kùn kan jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú nǹkan oṣù àti ilé ọmọ, èkejì jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹni tó bá kan ọ̀kan, wọ́n lè ní kó lọ kan ìkejì. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni kàlẹ́ńdà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun. Ní 1931, Robert Frank, dókítà kan ní New York, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ rárá kí nǹkan oṣù wọn tó dé. Ó gbà pé họ́mọ́ònù ló pọ̀ jù lára wọn, débi pé ó fi ẹ́síréè lu ilé ẹyin àwọn tí tiwọn le jù. Ní 1953, Katharina Dalton àti Raymond Greene kọ tiwọn ní London, àwọn ni wọ́n sì fún un ní orúkọ premenstrual syndrome. Orí Dalton fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọgbọ́n: ẹ̀fọ́rí tó máa ń mú un kó tó rí nǹkan oṣù lọ pátápátá nígbà tó lóyún. Látìgbà náà ló ti ń ní kí àwọn tó ń tọ́jú máa sàmì sí ọjọ́.

Ìjà wá dé. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fẹ́ kọ àìsàn náà sínú ìwé ńlá wọn, àwọn obìnrin kan ní rárá o. Wọ́n ní tí ẹ bá kọ ọ́, obìnrin tó bá bínú lórí ohun tó tọ́, wọ́n á ní oṣù ló ń ṣe é. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣé àwa náà kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa ni? Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ní 1987, ibẹ̀ náà ló wà ní 1994, ó di 2013 kó tó wọ àárín ìwé. Ìwé àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, kọ ọ́ síbi méjì: abẹ́ àìsàn ara obìnrin, àti abẹ́ àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn. Ẹ rí i báyìí? Ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilẹ̀kùn méjì ló wà.

Nípa ohun tó ń fà á, ìwádìí tí Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998 yí èrò Frank padà. Họ́mọ́ònù àwọn obìnrin yìí kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Bí ara wọn ṣe ń dá họ́mọ́ònù tó wà ní ìwọ̀n lóhùn ló yàtọ̀. Èyí já irọ́ ẹni tó ń sọ pé ìwà burúkú ni.

Nílé wa ńkọ́? Ilé ìtọ́jú ọpọlọ Yábàá ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n àtìmọ́lé ló fara jọ ju ilé ìwòsàn lọ. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò Arò. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, Lambo sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ló kọ́ ayé: ẹbí lè jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Síbẹ̀, òfin amúnisìn ti 1916 lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, wà lọ́rùn wa títí wọ́n fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní January 2023.

Ní ti ilẹ̀kùn kejì, ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun tó lè fi yangàn. Ní 2009, ìjọba Olusegun Mimiko, ọmọ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ ètò Abiye fún aboyún àti ọmọ ọwọ́. Ní 2010, Mother and Child Hospital ṣí ní Àkúrẹ́, ti Oǹdó náà sì tẹ̀lé e. Ikú aboyún ni ètò náà dojú kọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò lóyún, tó kàn ń fi ọjọ́ mẹ́wàá sunkún lóṣooṣù, kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹnì kan ti kà á ṣá. Ní 2008, Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì ní Nàìjíríà: 6.1 nínú 100 ló ní PMDD. Ẹ fi ìṣirò yẹn wo ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹgbẹ̀rún kan ọmọbìnrin: bí ọgọ́ta ni wọ́n. Níbo ni wọ́n wà?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo olùkọ́bìnrin kan ní Oǹdó. Wọ́n mú un lọ sílé àdúrà nígbà tó le jù; ọjọ́ kẹta, nǹkan oṣù dé, ara rẹ̀ yá, wọ́n ní ọkọ ọ̀run ti lọ. Nígbà tó tún padà dé, àgbo ni wọ́n fún un. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́. Ó wá lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dókítà dá fún un, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Dókítà kò rí nǹkan kan. Àìsàn tó ń lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa dà bíi pé ó wò ó sàn. Tó bá wá padà, obìnrin náà ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Ìdí nìyẹn tí kàlẹ́ńdà fi ṣe pàtàkì. Kó kọ bí ara àti ọkàn rẹ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, kó sàmì sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé. Ìwé yẹn ni kó gbé síwájú dókítà. Ó tún ń dáàbò bo obìnrin náà, torí tí inú rẹ̀ bá ń bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́ oṣù, nǹkan mìíràn ni, ìtọ́jú mìíràn ló sì yẹ ẹ́. Àwa tí èdè wa ti ń pè é ní nǹkan oṣù, kíka ọjọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ìtọ́jú wà. Àwọn oògùn bíi fluoxetine àti sertraline máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, àwọn kan sì ń lò ó ní ìdajì oṣù péré. Irú àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan náà ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọkàn. Ẹ má ṣe dá a lò o, dókítà ni kó yan èyí tó bá ara mu. Ẹni tí èrò ikú bá sì ti ń wá sí lọ́kàn, kó má dúró de oṣù méjì kankan. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà ní Oǹdó láti 2015, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì kárí Oǹdó àti Àkúrẹ́. Abẹ́ òrùlé kan náà ni dókítà obìnrin àti dókítà ọpọlọ ti lè pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ ìlera níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ oṣù. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí.