Ìyára, Kíì àti Ìmọ̀lára nínú Ìpín Kejì Sínfónì Keje ti Beethoven

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé orin tí yóò ba ènìyàn nínú jẹ́ gbọ́dọ̀ falẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, nítorí pé orin arò kì í sábà sáré. Síbẹ̀, ìfalẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú kí orin wọni lára. Ìyára orin àti kíì tí a fi kọ ọ́ ni wọ́n jọ ń bí ìmọ̀lára tí ó wà nínú rẹ̀. Ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ìpín kejì Sínfónì Keje ti Ludwig van Beethoven.

Sínfónì jẹ́ orin gígùn tí a kọ fún àkójọ àwọn ohun èlò olókùn, ohun èlò fífọn àti ìlù. Láti ìgbà ayé Haydn àti Mozart ni ó ti di àṣà pé kí ó ní ìpín mẹ́rin, kí ọ̀kan nínú wọn, èkejì lọ́pọ̀ ìgbà, sì falẹ̀. Ìlú Bonn ní Jámánì ni a ti bí Beethoven ní ọdún 1770, ṣùgbọ́n Vienna ni ó ń gbé nígbà tí ó kọ Sínfónì Keje ní ọdún 1811 sí 1812.

Àkókò ogun ni àkókò náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1813, àwọn ọmọ ogun Napoleon àti ti Austria òun Bavaria kọlu ara wọn ní Hanau. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún kan náà, a pe àwọn ènìyàn jọ sí gbọ̀ngàn Yunifásítì Vienna láti gbọ́ orin, kí a lè fi owó tí wọ́n bá san ran àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ Sínfónì Keje ní gbangba. Beethoven fúnra rẹ̀ ni ó darí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ ti ń di. Ìpín kejì ni ó wọ àwọn olùgbọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bèèrè pé kí a tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìyára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ítálì ni àwọn akọrinsílẹ̀ ìgbà náà fi ń júwe ìyára: Adagio falẹ̀ gan-an, Andante ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Allegro yá. Allegretto ni Beethoven kọ sórí ìpín yìí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó Allegro. Òun ni ó sì falẹ̀ jù nínú ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà kò sí èyí tí ó falẹ̀ ní tòótọ́ nínú sínfónì náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán kò tó láti fi díwọ̀n ìyára. Ní ọdún 1815, Mälzel gba ẹ̀tọ́ òǹtẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan tí ń fi ìró díwọ̀n ìyára orin. Ní ọdún 1817, Beethoven tẹ iye tí ó yàn fún àwọn sínfónì rẹ̀ mẹ́jọ jáde. Bíìtì 76 ní ìṣẹ́jú kan ni ó yàn fún ìpín yìí. Ìrìn ẹni tí kò sáré, tí kò sì dúró, ni èyí.

Ní ti kíì, A major ni kíì sínfónì náà lápapọ̀, ṣùgbọ́n A minor ni ti ìpín kejì. Nínú àmì ohùn tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, orí d ni orin kíì major ń sinmi lé, orí l sì ni ti minor. Àwọn ohun èlò fífọn ni ó kọ́kọ́ dún papọ̀ ní A minor. Ohùn wọn ròkè, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni viola, cello àti double bass mú orin náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìró rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀kan gígùn, méjì kúkúrú, méjì gígùn. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Fáyólìn kejì gba orin náà, viola àti cello sì fi orin mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fáyólìn kìíní tún gbà á, títí gbogbo ohun èlò fi dún pọ̀ kíkankíkan.

Lẹ́yìn náà ni kíì yí padà sí A major. Clarinet àti bassoon gbé orin tútù kan wọlé, bí ẹni pé ìtùnú dé. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí ìsàlẹ̀, ìró àkọ́kọ́ kò tíì dákẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ohun èlò olóhùn ìsàlẹ̀. Ìtùnú dé, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò lọ. A minor padà wá. Ìtùnú tún yọjú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, orin náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín àwọn ohun èlò, a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú irú ohùn àwọn ohun èlò fífọn tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ adarí orin ni ó mú ìpín yìí falẹ̀ bí orin ìsìnkú. Wọn kò ṣàìní ìdí, nítorí pé ìfalẹ̀ ń fún orin viola àti cello ní àyè láti mí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń gbà lọ. Bí bíìtì bá ti falẹ̀ jù, apá A major á wúwo, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí A minor á sì dín kù. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, àwọn adarí bí Roger Norrington àti John Eliot Gardiner ti padà sí ìyára tí Beethoven yàn. Ìbànújẹ́ tí a ń gbọ́ nígbà náà kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó sunkún, bí kò ṣe ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí kò sì dẹ́kun ìrìn.

Ní ìkádìí, ẹni tí a bá bi léèrè nípa ìmọ̀lára inú orin kò gbọdọ̀ kàn dáhùn pé ó dùn tàbí pé ó banújẹ́. Kí ó kọ́kọ́ wo ìyára rẹ̀, kí ó wo kíì rẹ̀ àti ibi tí ó ti yí padà, kí ó sì wo ìró tí kò yí padà láàárín gbogbo ìyípadà wọ̀nyí. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ìdí tí àwọn olùgbọ́ ọdún 1813 fi ní kí a tún un ṣe.